Ìbéèrè keje tó dá wàhálà sílẹ̀ ní kúìsì wa l'Abẹ́òkúta

Ẹ jẹ́ n kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí àwọn tí ò sí níbẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ jù. Àwọn kan ní a rẹ́ ọmọ jẹ, àwọn kan ní ọmọ náà ló ń gbó àgbàlagbà lẹ́nu, àwọn míì tiẹ̀ ní a gbowó lọ́wọ́ òbí ọmọ kejì, èyí tí mo lè fi Ọlọ́run búra pé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èmi ni mo kọ ìbéèrè tó fa wàhálà yìí. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Òkè-Ìléwó, èmi ni mo ṣe fọ́tókọ́pì ẹ̀, èmi náà ni mo jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó bàjẹ́.

Ẹgbẹ́ wa ò tóbi. À ń gbá badminton láàárọ̀ kùtù ní Kútọ̀ kí kálukú tó lọ síbi iṣẹ́ ẹ̀, àwọn àgbà díẹ̀ sì wà láàárín wa tó jẹ́ pé tẹ́nìsì ni wọ́n ń gbá nígbà tí orúnkún wọn ṣì gbà á. Lọ́dọọdún tí iléèwé bá ti gba ọlidé gígùn, a máa ń ṣe kúìsì fáwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì, ẹni tó bá ṣe ipò kìíní á gba rákẹ́ẹ̀tì tuntun pẹ̀lú owó ìwé tẹ́ẹ̀mù kan, ipò kejì á gba báàgì àti ìwé. Lọ́dún 2024 a ní torí pé Olímpíìkì Paris ń bọ̀, kí gbogbo ìbéèrè dá lórí singles ọkùnrin (ẹnì kan sí ẹnì kan), tẹ́nìsì àti badminton, àwọn tó gba ife ẹ̀yẹ àti rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n fi lélẹ̀. Inú mi dùn sí i gan-an, torí nǹkan tí mo fẹ́ràn nìyẹn, mo sì jókòó lóṣù kẹfà mo kọ gbogbo ìbéèrè tán pátápátá. Oṣù kẹfà o. Olímpíìkì yẹn ò bẹ̀rẹ̀ títí di ìparí oṣù keje.

Sátidé, 10 oṣù kẹjọ. Gbọ̀ngàn kan n'Íbarà la lò. NẸ́PÀ ti mú iná lọ kí aago mọ́kànlá tó lù, jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn wíńdò tó ń pariwo, ẹni tó ń béèrè ìbéèrè gbọ́dọ̀ gbé ohùn sókè kó tó borí ẹ̀. Ọmọ méjìlá ló bẹ̀rẹ̀, méjì ló kù fún àṣekágbá: ọmọbìnrin SS1 kan tí ìyá ẹ̀ ń ta àdìrẹ n'Ítọ̀kú, àti ọmọkùnrin SS2 kan láti Ìjàyè, tí bàbá ẹ̀ ń gbá tẹ́nìsì láti kékeré. Ìbéèrè mẹ́wàá mẹ́wàá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, máàkì méjì tó o bá gba tìẹ, máàkì kan tó o bá gba èyí tí ẹnìkejì ẹ kùnà. Bàbá Tíṣà ló ń béèrè. Tíṣà ni wọ́n títí wọ́n fi rẹ́táyà, gbogbo wa la bọ̀wọ̀ fún wọn, mi ò sì ní fẹ́ kẹ́nikẹ́ni ka ohun tí mò ń kọ yìí kó rò pé mò ń bu wọ́n.

Ìbéèrè keje ọmọbìnrin náà rèé, bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́: "Ọkùnrin mélòó ló ti gba wúrà Olímpíìkì lẹ́ẹ̀mejì nínú badminton singles? Dárúkọ."

Ọmọ yẹn ò tiẹ̀ dúró rò ó. Ó ní, "Méjì ni sà. Lin Dan ti Ṣáínà àti Viktor Axelsen ti Dẹ́nmáàkì."

Bàbá Tíṣà wo pépà, wọ́n fi gíláàsì wọn sókè díẹ̀, wọ́n tún wo pépà. "Rárá. Bónọ́ọ̀sì."

Ọmọkùnrin náà dìde. "Ẹnì kan ni sà. Lin Dan."

"Ó gbà á!" Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin náà ò jókòó. Ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀, àwa tá a wà lẹ́yìn ò bá má gbọ́ ká ní jẹnẹrétọ̀ ò ṣèèṣì rọlẹ̀ lásìkò yẹn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú sà, Axelsen tún gbà á lọ́jọ́ Mọ́ńdè." Bàbá Tíṣà ní, "Ọmọ mi, ohun tó wà nínú pépà la máa tẹ̀lé. Jókòó." Ó jókòó.

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Bó ṣe dárúkọ Axelsen báyìí ni àyà mi já, torí mo rántí lójú ẹsẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ mi, bọ́ọ̀dù wà níwájú mi, máàkì kan péré ni mo máa kọ tàbí kí n má kọ. Mo kọ ọ́. Mo kọ máàkì kan sábẹ́ orúkọ ọmọkùnrin náà. Mo ń sọ fún ara mi pé epo jẹnẹrétọ̀ ti fẹ́ tán, pé àwọn òbí ti ń wo aago, pé tí mo bá dìde báyìí ojú máa ti Bàbá Tíṣà níwájú gbogbo ayé, pé bóyá ọmọ yẹn á ṣì borí pẹ̀lú àwọn tó kù. Kò borí. Nígbà tá a parí, ọmọkùnrin náà ní 17, òun ní 16. Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀ fúnra yín: tí wọ́n bá fún un ní méjì tó tọ́ sí i, tí wọ́n sì yọ bónọ́ọ̀sì yẹn kúrò, òun á ní 18, ọmọkùnrin náà á ní 16.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ìdí tí pépà fi sọ ohun tó sọ, torí àwọn kan ń pè é ní irọ́. Lóṣù kẹfà tí mo kọ ọ́, kì í ṣe irọ́. Badminton di eré tí wọ́n ń torí ẹ̀ gba wúrà l'Olímpíìkì ní Barcelona lọ́dún 1992, Alan Budikusuma ti Indonéṣíà ló kọ́kọ́ gbà á, Poul-Erik Høyer Larsen ti Dẹ́nmáàkì gbà á ní Atlanta 1996, Ji Xinpeng ti Ṣáínà gbà á ní Sydney 2000, Taufik Hidayat gbà á ní Athens 2004, kálukú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lin Dan ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbà á tó tún padà wá gbà á. Ní Beijing 2008 ó na Lee Chong Wei ti Màléṣíà 21-12, 21-8, eré ò tiẹ̀ lójú. Ní London 2012 àwọn méjèèjì tún pàdé ní àṣekágbá, ìyẹn wá yàtọ̀ pátápátá, Lee ló gba gémù àkọ́kọ́, Lin Dan gba ìkejì, ó di ìkẹta, Lin Dan tún gbà á, 21-19. Mo wo ìyẹn lójú ara mi. Títí dòní tí mo bá rántí Lee Chong Wei, inú mi kì í dùn, torí ẹ wo ọkùnrin tó wà ní nọ́ńbà wáànù àgbáyé fún ọ̀sẹ̀ 199 láìsọ̀kalẹ̀, tó gba All England, ìdíje badminton ńlá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́ẹ̀mẹrin, tó gba Malaysia Open lẹ́ẹ̀méjìlá, tí Olímpíìkì mẹ́ta sì jẹ́ fàdákà fàdákà fàdákà, tí kò gba World Championship rí. Lin Dan ní márùn-ún nínú ìyẹn.

Ní Rio 2016, Chen Long gba wúrà, Lee tún gba fàdákà, Lin Dan sì ń wá idẹ. Ọmọ Dẹ́nmáàkì kan tó ga bí ọ̀pẹ, ọmọ ọdún 22, ló gba idẹ yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́. Axelsen ni. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ẹ̀, ní Tokyo, Axelsen na Chen Long fún wúrà, 21-15, 21-12. Ó wá di Mọ́ńdè, 5 oṣù kẹjọ 2024, ní Paris, ó na Kunlavut Vitidsarn ti Tàìláǹdì 21-11, 21-11. Bó ṣe di ẹni méjì nìyẹn. Ọjọ́ márùn-ún ṣáájú kúìsì wa. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù, alẹ́ ni mo rí i lórí WhatsApp, inú mi dùn, mo fi àtẹ́wọ́ ránṣẹ́, mo sùn. Kò wá sí mi lọ́kàn pé pépà kan wà nínú dúrọ́ọ̀ mi tí ìròyìn yẹn ti yí padà.

Èyí tó dùn mí jù nìyí. Ìbéèrè míì wà nínú pépà kan náà tó bàjẹ́ ní ọjọ́ kan ṣáájú ìyẹn. Mo ti kọ ọ́ pé nínú Nadal, Murray àti Djokovic, ta ni kò tíì gba wúrà Olímpíìkì singles, ìdáhùn lóṣù kẹfà: Djokovic. Gbogbo ayé mọ̀ pé ohun tó kù ú kù nìyẹn, Grand Slam (ìdíje tẹ́nìsì mẹ́rin tó tóbi jù lọ́dún) 24, Australian Open 10, Wimbledon 7, US Open 4, French Open 3, síbẹ̀ idẹ kan ṣoṣo ti Beijing 2008 ló wà lọ́wọ́ ẹ̀ l'Olímpíìkì. Sọ́ńdè, 4 oṣù kẹjọ, ó pàdé Alcaraz ti Sípéènì ní àṣekágbá, ẹni ọdún 37 pẹ̀lú ọmọ ọdún 21, 7-6, 7-6, kò sẹ́ni tó já sáàfù ẹnìkejì gbà nínú gbogbo eré yẹn, táíbírékà méjèèjì (èyí tí wọ́n fi ń yanjú sẹ́ẹ̀tì tó bá di 6-6) ni Djokovic fi gbà á. Ó wólẹ̀ sí kọ́ọ̀tù, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń sunkún bí ọmọdé. Gbogbo Abẹ́òkúta ló rí i. Láàárọ̀ Sátidé kúìsì, èèyàn bíi mẹ́fà ló pè mí pé "ẹ yọ ìbéèrè Djokovic yẹn kúrò o", a sì yọ ọ́, a fi báírò fa ìlà sí i, a kọ òmíràn sí i pé ta ni ọkùnrin kan ṣoṣo tó ti gba wúrà tẹ́nìsì singles lẹ́ẹ̀mejì, Andy Murray, 2012 àti 2016.

Èèyàn mẹ́fà rántí tẹ́nìsì. Kò sẹ́ni kankan tó rántí badminton. Ẹgbẹ́ badminton la sì pe ara wa! Anuoluwapo Opeyori, ọmọ ilẹ̀ wa, tó ti gba ife Áfíríkà nínú singles ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wà ní Paris yẹn tó ń gbá a fún Nàìjíríà, àwa tá à ń jí ní aago márùn-ún ààbọ̀ lọ gbá a ní Kútọ̀, a ò mọ ẹni tó gba wúrà. Ọmọ SS1 ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin ló ní fóònù, mo gbọ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn pé ó ń fi owó ọ̀sán ẹ̀ dá dátà sí fóònù náà kí wọ́n lè jọ wò ó.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ìyá ẹ̀ mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Aró ṣì wà lọ́wọ́ obìnrin náà títí dé ìgbọ̀nwọ́, wọ́n ń rẹ aṣọ lọ́wọ́ ni wọ́n fi í sílẹ̀. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Wọn ò jà. Wọ́n ní, "Bùọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́. Mi ò wá bá yín fa nǹkan kan. Ọmọ yìí ò jẹun dáadáa láti Sátidé. Mo kàn fẹ́ mọ̀, ṣé irọ́ ló pa ni?"

Mo ní, "Rárá mà. Òótọ́ ló sọ."

"Ṣé ẹ wà níbẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́?"

"Mo wà níbẹ̀ mà."

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ó dáa," wọ́n fa ọmọ wọn lọ́wọ́, wọ́n lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò rí iṣẹ́ kankan ṣe mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo gbé pépà jáde, mo tún gbogbo ìbéèrè yẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan, ohun tí mo rí bà mí lẹ́rù. Mo ti kọ ọ́ pé Federer ló gba Wimbledon jù nínú ọkùnrin, ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Ó ṣì rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò ju torí pé Alcaraz na Djokovic ní àṣekágbá Wimbledon lọ́jọ́ 14 oṣù keje. Ká ní Djokovic ló borí lọ́jọ́ yẹn ni, òun náà á ti di ẹlẹ́ẹ̀mẹjọ, ìbéèrè yẹn náà á ti bàjẹ́, mi ò sì ní mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn dé Mọ́ńdè tí Axelsen gba wúrà, ọjọ́ méjìlélógún péré ni gbogbo ẹ̀. Mo pe alága lálẹ́ yẹn, mo jẹ́wọ́ fún wọn.

Wẹ́sìdeè la ṣe mítìn, ìrọ̀lẹ́, àwa méje. Mo gbé pépà sórí tábìlì. Kọ̀ǹpútà mi máa ń tẹ ọjọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé, 18/06/2024 ló wà níbẹ̀ kedere. Àwọn kan ní ìyẹn ló gbà wá là: ọjọ́ wà lórí ẹ̀, ìdáhùn tọ̀nà lọ́jọ́ yẹn, ẹjọ́ ti parí. Mo ní rárá, ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ sísàlẹ̀ ni àwa nìkan mọ̀ nípa ẹ̀, wọn ò kà á sétí ọmọ. Ohun tí wọ́n kà sí i létí ni "ló ti gba", ẹni tó bá gbọ́ "ló ti gba" lọ́jọ́ 10 oṣù kẹjọ, títí di ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ló máa rò. Bàbá Tíṣà dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wá ní, "Èmi ló ní kó jókòó. Ká ní mo sọ pé 'ẹ jẹ́ ká wò ó' péré ni." Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì dùn mí fún wọn, torí ẹ̀bi yẹn kì í ṣe tiwọn.

Ibi tá a ti fẹ́ dá a pé ọmọbìnrin náà ló ni ipò kìíní ni bàbá ọmọkùnrin ti wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àgbà, ó ní wọ́n ti sọ fún òun pé mítìn wà. Gbogbo wa rò pé ó wá jà fún ife ọmọ ẹ̀ ni. Ó ní, "Mo ti wò ó, ọmọbìnrin yẹn tọ̀nà. Ẹ fún un ní méjì ẹ̀. Ẹ yọ bónọ́ọ̀sì tọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àgbà náà ló máa ń sọ ọ́, agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Tá a bá ti ṣí pépà, ẹ jẹ́ ká ṣí gbogbo ẹ̀."

Ìbéèrè kẹrin ọmọ ẹ̀ ló mú jáde: "Ìgbà mélòó ni ọkùnrin tó gba US Open singles jù lọ gbà á?" Mo kọ 7. Ọmọkùnrin náà sọ pé 5, wọ́n ní kò gbà á, ọmọbìnrin náà sọ pé 6, òun náà ò gbà á. Bàbá ẹ̀ bi mí, "Bùọ̀dá, àwọn wo ló ní méje?" Mo ní Richard Sears, William Larned, Bill Tilden. Ó ní, "Nígbà wo?" Mo ní Sears, 1881 dé 1887, méje léraléra láìjá. Larned parí tiẹ̀ ní 1911, Tilden ní 1929. Ó ní, "Kí ni wọ́n ń pe ìdíje yẹn nígbà náà?"

Ibẹ̀ ni mo ti dákẹ́. Kò sí US Open kankan ní 1887. U.S. National Championships ni, ti àwọn tí kì í gbowó. Ọdún 1968 ni wọ́n tó ṣí ìdíje fún àwọn tó ń fi tẹ́nìsì jẹun, tí orúkọ Open fi wọ̀ ọ́. Láti 1968 sì rèé, ẹni tó ní tó pọ̀ jù ní márùn-ún: Jimmy Connors, Pete Sampras, Federer, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́ lórí tẹlifíṣàn, márùn-ún ni ọmọ yẹn ń gbọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó ń gbá tẹ́nìsì tẹ́lẹ̀ wá gbà á lẹ́nu ẹ̀, wọ́n ní nǹkan míì wà nínú méje Sears yẹn. Láti 1884, ẹni tó bá gbà á lọ́dún tó kọjá kì í bá àwọn tó kù gbá ìpele kankan, ó máa jókòó sílé, àwọn tó kù á bára wọn jà títí ẹnì kan á fi kù, ìyẹn ló máa wá pàdé ẹ̀. Eré kan ṣoṣo lọ́dún kan, o sì ti tún gbà á. Wimbledon náà ṣe bẹ́ẹ̀ títí di 1921, inú ìlànà yẹn ni William Renshaw ti kó púpọ̀ nínú méje tiẹ̀ jọ. Wọ́n ní, "Ẹ wá gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ Sampras tó gbọ́dọ̀ na èèyàn méje kó tó gba ẹyọ kan." Wọn ò dákẹ́ síbẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti Arthur Ashe, bó ṣe jẹ́ pé òun ló gba US Open àkọ́kọ́ yẹn ní 1968, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, tó sì jẹ́ pé Tom Okker tó nà ló gbé owó lọ sílé torí Ashe ṣì wà lára àwọn tí kì í gbowó. Wọ́n sọ bí Ashe ṣe wá gbá tẹ́nìsì l'Ékòó lóṣù kejì 1976, lẹ́yìn tí wọ́n pa Murtala, tí àwọn ṣójà fi ìbọn wọ inú kọ́ọ̀tù lé wọn jáde nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́. Alága ní ká padà sórí ọ̀rọ̀ wa, àmọ́ mo rí i pé inú àwọn àgbà yẹn dùn ju bó ṣe wà nígbà tá a bẹ̀rẹ̀ lọ.

A dìbò. Márùn-ún gbà pé bí mo ṣe kọ ìbéèrè kẹrin, 5 tọ̀nà, torí "US Open" ni mo kọ. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ọmọkùnrin náà pàdánù máàkì kan ó sì gba méjì, ó di 18. Ọmọbìnrin náà 18. Ọ̀mì. A ní ká tún un gbá ní Sátidé, ìbéèrè mẹ́ta mẹ́ta, kó sì jẹ́ pé kí ohunkóhun tó bẹ̀rẹ̀, èmi ni máa dìde.

Sátidé, 17 oṣù kẹjọ, mo dìde. Gbọ̀ngàn yẹn náà, èèyàn tiẹ̀ pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní ìdáhùn tí ọmọbìnrin yìí fún wa lọ́sẹ̀ tó kọjá tọ̀nà, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n nínú gbọ̀ngàn yìí tó sì sọ ọ́ jáde, èmi mọ̀ pé ó tọ̀nà mo sì jókòó, mo bẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀, mo ní kó dìde, kì í ṣe òun ló yẹ kó kúnlẹ̀. Ìyá ẹ̀ wà lẹ́yìn, nítòsí ẹnu ọ̀nà, wọ́n kàn mi orí lẹ́ẹ̀kan.

Lọ́tẹ̀ yìí gbogbo ìbéèrè ló ní ọjọ́ àti ààlà nínú. Bàbá Tíṣà kà á díẹ̀díẹ̀. "Láti 1968 títí di àná, 16 oṣù kẹjọ 2024, ọkùnrin wo ló gba Grand Slam mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú ọdún kan náà, ọdún wo sì ni?" Ọmọbìnrin náà ní, "Rod Laver, 1969. Ó gbà á ní 1962 náà sà, àmọ́ ìyẹn ò sí nínú ọdún tí ẹ dá." Gbogbo ilé pariwo. Wọ́n kọjú sí ọmọkùnrin náà: "Láàárín 1968 sí 1976, ọkùnrin Indonéṣíà kan gba All England lẹ́ẹ̀mẹjọ, ọdún kan ṣoṣo ló bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọdún wo ni, ta ló sì nà án?" Mo ti rò pé ó tán fún un, ọmọ tẹ́nìsì. Ó di ojú, ó ní, "Rudy Hartono ni. 1975. Svend Pri ló nà án, ti Dẹ́nmáàkì." Ó ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ ka badminton.

Àwọn méjèèjì gba ìkejì. Ní ìkẹta wọ́n bi ọmọbìnrin náà pé títí di àná, ọkùnrin wo ló ti lo ọ̀sẹ̀ tó pọ̀ jù ní nọ́ńbà wáànù tẹ́nìsì lágbàáyé tá a bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó sì ní Federer, 310. Djokovic ni, 428. Ó ti kọjá ti Federer láti 2021. Èyí tó ṣì jẹ́ ti Federer ni ọ̀sẹ̀ 237 tó lò láìsọ̀kalẹ̀. Ọmọ náà rántí bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, mo rí i lójú ẹ̀, ó ti pẹ́ jù. Ọmọkùnrin náà gba tiẹ̀. Òun ló ni ipò kìíní.

Mo fẹ́ kí ọmọbìnrin yẹn borí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá Tíṣà bi í bóyá ó ní nǹkan láti sọ sí ìdáhùn yẹn, ó ní, "Ó tọ̀nà sà." Ó gba báàgì àti ìwé ẹ̀, ó lọ bá ìyá ẹ̀.

Túsìdeè tó tẹ̀ lé e, mo dé Kútọ̀ láàárọ̀, mo bá ọmọkùnrin náà nínú gbọ̀ngàn pẹ̀lú rákẹ́ẹ̀tì tuntun tó gbà. Ọmọbìnrin náà wà ní òdìkejì nẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú rákẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tí wọ́n fi tépù dúdú wé ní ọrùn. Ọmọkùnrin ń gbá shuttle bí ẹni ń gbá bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì, gbogbo apá ló fi ń fẹ́ ẹ, ọrùn ọwọ́ le gbagidi, shuttle ń já sínú nẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ìgbà. Nǹkan oníyẹ́ mẹ́rìndínlógún tí kò wúwo tó gíráàmù mẹ́fà, agbára kọ́ ló ń fẹ́. Ọmọbìnrin gba abẹ́ nẹ́ẹ̀tì kọjá, ó di ọwọ́ ẹ̀ mú, ó yí i sọ́tùn-ún yí i sósì. "Tú ọwọ́ yìí sílẹ̀. Tú u sílẹ̀ jọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ́n ẹ̀n. Tún un gbá."